Gustav Killian: Ẹni Tó La Ọ̀nà fún Abẹ́rẹ́

Nígbàkígbà tí mo bá kà nípa abẹ́rẹ́ tí dókítà ń gba ọ̀nà èémí tì wọlé, tó fi ń bu díẹ̀ lára kókó tó wú nínú àyà, Gustav Killian ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọdún 1860 ni wọ́n bí i ní Mainz, ní Jámánì. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì Freiburg, níbi tó ti ń tọ́jú àrùn imú àti ọ̀fun. Láyé ìgbà náà, bí nǹkan bá já sí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, wàhálà dé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń bá a lọ.

Ní 1895, Alfred Kirstein ní Berlin rí inú gògóńgò ní tààrà. Ó rí i pé ìsàlẹ̀ ọ̀nà èémí ń mì bí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ṣe ń lù, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ti irin débẹ̀. Killian gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀nà parí sí. Ó dán an wò lára òkú, ó rí i pé ọ̀nà èémí ń tẹ̀ fún irin.

Ní 1897, wọ́n gbé àgbẹ̀ ẹni ọdún 63 kan wá. Eegun ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti há sí ẹ̀ka ọ̀tún ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Killian fi kokéènì pa ìrora ọ̀fun rẹ̀, ó ti irin oníhò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà oúnjẹ wọlé, ó sì yọ eegun náà láìla àyà.

Ó kó lọ sí Berlin ní 1911, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1921. Ní 1949, Schieppati ní Ajẹntínà gba inú irú irin bẹ́ẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún ibi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì, kó lè bu kókó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, irin náà ti di okùn tó ń tẹ̀, ẹ̀rọ ultrasound sì wà lórí rẹ̀ tó ń fi kókó han dókítà.

Ìdí tí mo fi kọ ìtàn yìí ni pé ẹ́síréè lè fi kókó hàn, ṣùgbọ́n kì í sọ bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni tàbí jẹjẹrẹ. Ìtọ́jú ọ̀kan kì í wo èkejì sàn. Ẹni tó bá ṣì í mú lè fi ẹ̀mí aláìsàn dí i. Ọ̀nà tí Killian là ló jẹ́ kí a lè mọ̀ kí a tó wò.