Ian Murdock, ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń di ẹrù



Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú mú èèyàn pàtàkì kan tó ti kú, kó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Nínú kíláàsì wa, ẹni mẹ́ta mú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni méjì mú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ẹnì kan sì mú Fẹlá (bàbá rẹ̀ ló bá a kọ ọ́, gbogbo wa la mọ̀). Èmi mú Ian Murdock. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ wa pàápàá béèrè pé ṣé agbábọ́ọ̀lù ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi mú un.

Ọ̀rọ̀ àmì ló fà á. Ní táámù tó kọjá, mo kọ àròkọ nípa ìdílé mi lórí láptọ́ọ̀pù ilé wa, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè fi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ìyá mi ra ọkọ̀ tuntun. Wọ́n lẹ àròkọ náà mọ́ ògiri kíláàsì, àwọn òbí tó wá mú ọmọ wọn sì ń kà á pé ìyá mi ra ọkọ tuntun. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín rárá. Mo ṣèlérí fún wọn pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀nà ni mo ti gbọ́ orúkọ Ian Murdock.

Wọ́n bí Ian ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1973 ní ìlú Konstanz ní Jámánì, ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ló gbé bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀. Nítorí náà bíi tiwa ni òun náà, ẹ̀yìn odi ni wọ́n bí i sí. Ní 1975 wọ́n kó padà sí Amẹ́ríkà, ó sì dàgbà ní ìlú Lafayette, ní ìpínlẹ̀ Indiana.

Bàbá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Larry Murdock, ń kọ́ àwọn èèyàn nípa kòkòrò ní Yunifásítì Purdue. Ẹ dúró díẹ̀ níbí o, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ṣé ẹ mọ àwọn kòkòrò kéékèèké tó máa ń dá ihò sí ara ẹ̀wà? Ìyá àgbà mi ní Ìbàdàn máa ń fi ata gbígbẹ sínú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀wà rẹ̀ kí wọ́n má baà wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn máa ń da òògùn apakòkòrò sí i, ìyẹn sì lè ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà náà ní jàǹbá. Ní nǹkan bí ọdún 1987, Larry Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Cameroon láti wá ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni àpò kan: ọ̀rá tó nípọn méjì nínú ara wọn, àpò híhun kan ní ìta. Bí a bá so ẹnu rẹ̀ pinpin, afẹ́fẹ́ tí kòkòrò ń mí á dínkù, wọn ò ní lè jẹun mọ́, wọ́n á sì kú. Kò sí òògùn kankan níbẹ̀. PICS ni wọ́n ń pè é, ó sì ti dé Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀wà yìí jù lọ ní gbogbo ayé. Mo sọ fún Ìyá àgbà lórí fóònù. Wọ́n ní ata gbígbẹ tòun ò tíì já òun kulẹ̀ rí.

Bàbá ń di ẹ̀wà, ọmọ wá di ẹrù kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo fi wọ́n wé ara wọn o, mi ò kà á níbì kankan.

Inú yàrá ìwádìí bàbá rẹ̀ ni Ian ti rí kọ̀ǹpútà Apple II+ nígbà tó wà lọ́mọdé, orí rẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Nígbà tó dàgbà, Purdue náà ló lọ. Ní 1993, ọmọ ogún ọdún ni, ó ṣì wà ní yunifásítì, ó sì ti rí Linux.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Linux. Kọ̀ǹpútà dà bí ọkọ̀ (ọkọ̀ o, kì í ṣe ọkọ). Linux ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan tó ń jẹ́ Linus Torvalds ló kọ ọ́ ní 1991, ó sì gbé e síta fún gbogbo ayé: ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe láì san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì nìkan ò lè gbé èèyàn dé Birmingham. Ó nílò táyà, ó nílò ìjókòó, ó nílò ohun tí a fi ń darí rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, àwọn yẹn ni ètò tí a fi ń kọ̀wé, ètò tí a fi ń yàwòrán, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ mìíràn, tí èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa wá wọn kiri, tí wàá máa tò wọ́n títí wọ́n á fi bára mu.

Àwọn kan ti ń kó wọn jọ fún àwọn èèyàn lóòótọ́. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nígbà náà ń jẹ́ SLS. Ian lò ó, ó rí i pé àṣìṣe inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ó kọ́kọ́ fẹ́ tún un ṣe. Nígbà tó yá, ó ní ó sàn kí òun bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 1993, ó kọ̀wé sí àwọn tó ń lo Linux lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ti fẹ́ gbé òmíràn jáde. Ẹ rántí pé ọmọ ogún ọdún ni o! Ẹ̀gbọ́n mi náà jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ìyá mi ṣì ń pariwo kó tó fọ abọ́.

Debian ni Ian pe orúkọ rẹ̀. Debra ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń fẹ́ nígbà náà. Ó mú Deb, ó mú Ian, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n bímọ, lẹ́yìn náà wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 2008. Orúkọ Debian ò yí padà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń di ẹrù kọ̀ǹpútà? Ẹ rántí ìgbà tí ẹ fẹ́ lọ sí Nàìjíríà ní hólídè. Ìyá mi máa ń tẹ́ báàgì sílẹ̀ ní pálọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ti Ìyá àgbà á lọ sínú ọ̀kan, ti Àǹtí ní Òṣogbo á lọ sínú òmíràn. Wọ́n á lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló ni ín, kí ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún kan, a gbé ẹ̀rọ ìgẹrun dé ọ̀dọ̀ Bàbá àgbà, ṣájà rẹ̀ sì wà nínú báàgì tí a fi sílẹ̀ ní London nítorí pé ẹrù ti ju kílò 23 lọ. Ẹ̀rọ yẹn ò gẹ irun kankan.

Ohun tí Ian àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rò nìyẹn. Ètò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìdì tirẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sára ìdì náà: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kí a lè mọ tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́, orúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àti orúkọ àwọn ìdì mìíràn tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ṣájà ò gbọ́dọ̀ kù sí London. Ní 1994 wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ dpkg, òun ló ń tú ìdì sórí kọ̀ǹpútà. Ian wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà Ian mìíràn, Ian Jackson, tún un kọ (ẹ má da àwọn méjèèjì pọ̀ bí èmi ṣe dà wọ́n pọ̀). Gbogbo ohun tí dpkg bá gbé kalẹ̀ ló máa ń kọ sílẹ̀. Bí o bá ní kó kó ẹrù yẹn kúrò, ó mọ ibi tó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Ó tó ọdún díẹ̀ kí àwọn mìíràn tó kọ apt, èyí tó máa ń lọ gbé ìdì wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ nìyí. Bí o bá ti tún ètò kan tò bó ṣe wù ọ́, tí ìdì tuntun sì dé, dpkg ò ní kàn fi tirẹ̀ bo tìrẹ mọ́lẹ̀. Á dúró, á bi ọ́ pé ṣé kí òun fi tìrẹ sílẹ̀ àbí kí òun lo tuntun. Bí ìyá mi bá ń tún yàrá mi tò, wọn kì í béèrè.

Àwọn kan máa ń sọ pé Ian ló ṣe Debian, bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mi ò gbà. Ohun tó dára jù tó ṣe ni pé kò dá a ṣe. Ó pín iṣẹ́ náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú ìdì tirẹ̀, kí gbogbo wọn sì máa tẹ̀lé òfin kan náà. Nígbà tí Debian 1.1 jáde ní 1996, ìdì 474 ló wà nínú rẹ̀. Lónìí wọ́n ti ju 60,000 lọ. Káàkiri ayé ni àwọn tó ń dì wọ́n wà, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gba owó.

Ní ọdún 1996 yẹn náà, Ian gbé ipò olórí fún Bruce Perens. Ilé iṣẹ́ Pixar, tó ṣe fíìmù Toy Story, ni Bruce ń bá ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí Debian kọ̀ọ̀kan fi ń jẹ́ orúkọ ọ̀kan lára àwọn tó wà nínú fíìmù náà: Buzz, Rex, Woody, Jessie. Èyí tí wọn ò tíì ṣe tán, tó lè bàjẹ́ nígbàkigbà, ń jẹ́ Sid, bíi ọmọkùnrin tó máa ń ba nǹkan ìṣeré jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i.

Bóyá ẹ ti lo Debian láìmọ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Ubuntu lé ní 2004. Kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi tí a ń lò ní kíláàsì kóòdù ní ilé ìwé mi, Debian ni wọ́n fi ṣe ètò tó ń darí rẹ̀. Ní 2013, wọ́n tilẹ̀ fi Debian sórí àwọn láptọ́ọ̀pù kan ní ibùdó tó ń yí ayé po lókè, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi Debian sórí láptọ́ọ̀pù wa. Mo tẹ sudo dpkg-reconfigure keyboard-configuration (ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣì í tẹ̀). Ó ń bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé orí orílẹ̀-èdè. Mo wá Nàìjíríà, ó wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Hausa wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀! Mi ò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Ẹnì kan ṣá jókòó níbì kan, ó ronú nípa ẹ àti ọ àti ṣ, ó sì fi í sínú ẹrù tó dé yàrá mi. Òun ni mo fi tẹ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ìyá mi ra ọkọ̀ tuntun. Ẹ wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn Debian, Ian dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Indianapolis tó ń jẹ́ Progeny. Ní 2007 ó lọ sí Sun Microsystems, wọ́n ní kó bá àwọn ṣe irú ohun tó ṣe fún Linux. Ní ìparí 2015 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Docker. Ẹrù dídì náà ni iṣẹ́ tiwọn níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í ló yàtọ̀.

Ian kú ní San Francisco ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 2015, ọdún tí wọ́n bí mi. Ọmọ ọdún 42 péré ni. Àwọn ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ le gan-an fún un. Mo ń kà nípa rẹ̀ títí bàbá mi fi ní kí n pa láptọ́ọ̀pù dé, kí n wá jókòó ti àwọn. A sọ̀rọ̀ pẹ́. Mi ò ní kọ ìyẹn síbí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2017, Debian 9 jáde. Stretch ni orúkọ rẹ̀, ẹja ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ inú Toy Story 3. Àwọn tó ń di ẹrù kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀pọ̀ wọn ò fojú rí Ian rí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrántí Ian Murdock ni àwọn fi ṣe.