Dókítà Ládípọ̀ Olúwọlé, Ọ̀gá Àwọn Wọlé-wọlé

Ẹ̀yin ará wa ní Youpwè àti káàkiri Douala, àwa tí a ń gbé létí omi mọ ohun tí ìdọ̀tí lè dá sílẹ̀. A kò tíì gbàgbé onígbáméjì tó jà ní ìlú yìí ní 2004. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn baba kan wá fún yín, ẹni tó bá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ jà ní Èkó.

Ní 1892 ni a bí Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé. Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Olúwọlé ni baba wọn. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ King's College, Èkó, ní 1909. Wọ́n gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Glasgow ní 1918, wọ́n ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì tún padà sí Glasgow lọ kọ́ nípa ìtọ́jú ìlera ìlú.

Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kòkòrò tíntìntín tó ń mu ẹ̀jẹ̀ eku ló ń tàn án ká. Bí eku bá ti kú, kòkòrò náà á fò mọ́ ènìyàn. Ibà líle á dé, kókó á yọ ní abíyá tàbí orí ìtan, kò sì ní pẹ́ tí aláìsàn á fi kú. Nígbà náà, kò tíì sí oògùn tó dájú fún un. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó dájú ni pé kí eku má rí ibi gbé.

Dókítà Olúwọlé wọṣẹ́ ìjọba. Àwọn ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá ìlera ìlú Èkó. Wọ́n tún ìṣọ́ èbúté ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìlera fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní 1925, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí àwọn wọlé-wọlé ti ń kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Ní 1928, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ láti tún Èkó ṣe. Àjọ náà wó ilé ní Òkò Awo, ọ̀pọ̀ ìdílé sì pàdánù agbo ilé baba wọn. Àwa tí a ń gbé nílẹ̀ onílẹ̀ mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń dunni. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pẹ̀lú pé ìlú tó bá dúró de ìgbà tí àrùn bá dé kó tó gbálẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Dókítà Olúwọlé papòdà ní 1953. Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára wọn. Ká bo kàǹga wa, ká da ìdọ̀tí síbi tó yẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣu, tó ń bì, ká má fi í pamọ́ sílé, ká gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Bí ẹnì kan bá sì kú, ká béèrè ohun tó pa á, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ló lè dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí.