Ìgbésí Ayé Pestalozzi, Olùkọ́ Tí Ó Kó Àwọn Ọmọ Ilé Ìwé Lọ Sí Àfonífojì

Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ láàrin wa tí kò tí ì gbọ́ orúkọ Pestalozzi. A ti kọ ọ́ sínú ìwé wa, a sì ti kọ́ ọdún tí a bí i àti ọdún tí ó kú sórí nítorí ìdánwò. Ṣùgbọ́n a wòye pé púpọ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ náà láì mọ ọkùnrin náà, èyí sì jẹ́ ohun ẹ̀rín, nítorí pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá jà.

Ìlú Zürich ní ilẹ̀ Switzerland ni a ti bí Johann Heinrich Pestalozzi ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1746. Oníṣẹ́ abẹ ni baba rẹ̀, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 5. Ìyá rẹ̀ àti ìránṣẹ́bìnrin olóòótọ́ kan tí à ń pè ní Babeli ni ó tọ́ ọ. Owó kò pọ̀ nínú ilé náà, nítorí náà wọn kì í sábà jẹ́ kí ó jáde lọ bá àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, kí bàtà àti aṣọ rẹ̀ má baà tètè gbó. Ìgbà tí ó bá lọ sí ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ àgbà, ẹni tí ó jẹ́ àlùfáà ní abúlé Höngg, ni ó tó máa ń rí oko àti pápá, tí ó sì ń rí bí ìyà ti ń jẹ àwọn ọmọ tálákà. Ẹni tí a há mọ́ inú ilé báyìí ni ó wá di ẹni tí ó ṣí ìlẹ̀kùn ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1769 ó fẹ́ Anna Schulthess, ọmọ oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn òbí obìnrin náà kò dùn sí i. Ó ra ilẹ̀ sí ẹ̀bá abúlé Birr, ó sì pe oko náà ní Neuhof. Ewéko tí a ń fi gbòǹgbò rẹ̀ rẹ aṣọ pupa ni ó fẹ́ máa gbìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò gbà á, gbèsè sì dé. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Anna bí fún un, ní ọdún 1770.

Ní ọdún 1774, nígbà tí ọmọ yìí kò tí ì pé ọdún 4, baba rẹ̀ kọ ìwé ojoojúmọ́ nípa bí ó ti ń kọ́ ọ. Ó mú un lọ wo omi tí ń ṣàn láti orí òkè. Wọ́n tẹ̀ lé omi náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ náà fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé láti òkè ni omi ti ń wá, ìsàlẹ̀ ni ó sì ń lọ. Baba náà kò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un. Nínú ìwé kan náà ni ó ti jẹ́wọ́ pé ọmọ náà ti ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta láì mọ ohun tí iye náà jẹ́, àti pé irú ìmọ̀ ọ̀rọ̀ lásán bẹ́ẹ̀ a máa dí ojú ọ̀nà òtítọ́. Àwa tí a ti dúró níwájú ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún wa.

Ní àkókò yìí kan náà ni ó kó àwọn ọmọ tálákà jọ sí Neuhof. Wọ́n ń ran òwú, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, bí ọwọ́ wọn sì ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ìṣirò àti ìwé. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò mọ owó ṣe rárá. Àwọn òbí mìíràn yóò mú ọmọ wọn wá nínú àkísà, bí a bá sì ti wọ̀ ọ́ ní aṣọ titun tán, wọn a wá mú un lọ. Ní ọdún 1780 ilé náà tú ká, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ìní Anna sì bá a lọ. Fún nǹkan bí ọdún 18 lẹ́yìn èyí, ìwé kíkọ ni ó ń ṣe. Ìwé ìtàn Lienhard und Gertrud, tí ó jáde ní ọdún 1781, mú kí orúkọ rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́ ni kí a fún un ní àwọn ọmọ tí yóò kọ́.

Ogun ni ó fi wọ́n fún un. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1798 àwọn ọmọ ogun Faransé kọlu àgbègbè Stans, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì sun ilé wọn. Ìjọba rán Pestalozzi lọ tọ́jú àwọn ọmọ òrukàn. Ó ti lé ní ẹni ọdún 52. Nǹkan bí ọmọ 80 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ní egbò àti iná orí, kò sì sí ẹni tí ó ń ràn án lọ́wọ́ bí kò ṣe obìnrin kan tí ń tọ́jú ilé. Ó ń bá wọn jẹ, ó ń bá wọn sùn. Oṣù mélòó kan péré ni ó lò níbẹ̀; ní oṣù kẹfà ọdún 1799 àwọn ológun gba ilé náà láti fi ṣe ilé ìwòsàn, Pestalozzi alára sì ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó kúrò níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ ó lọ sí Burgdorf, ó sì tọrọ iṣẹ́ olùkọ́ kékeré ní ilé ìwé àwọn tálákà tí aránbàtà kan ń ṣe àkóso rẹ̀. Àwọn òbí kò gbà fún un, nítorí pé kò lo ìwé tí wọ́n mọ̀, nítorí náà a gbé e lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ kékeré. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó kọ́ ní Burgdorf, Ramsauer, ẹni tí òun náà di olùkọ́, sọ nígbà tí ó dàgbà pé bébà tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì ti gbó, ó sì ti ya. Pestalozzi a máa mú wọn dúró níwájú rẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n máa sọ iye, ìrísí, àyè àti àwọ̀ àwọn àwòrán ara rẹ̀, àti ti ihò ara rẹ̀ pẹ̀lú. Kí a má purọ́, èyí ti pọ̀ jù. Ihò ara bébà kò lè bọ́ ọmọ fún wákàtí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ibi tí ó ti ń lọ: ó ti kúrò nínú ìwé, kò sì tí ì dé ìta.

Yverdon ni ó ti dé ìta. Láti ọdún 1805 ilé ìwé rẹ̀ wà nínú ilé olódi àtijọ́ kan ní ìlú náà, ní ìpẹ̀kun adágún Neuchâtel. Ọmọ ọdún 8 ni Louis Vulliemin nígbà tí ó dé ibẹ̀. Ó wá di òpìtàn ńlá, ó sì fi bí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ náà lọ sí àfonífojì tóóró kan tí odò Buron ń ṣàn gbà kọjá. A ní kí wọ́n wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ ná, lẹ́yìn náà kí wọ́n wo apá kọ̀ọ̀kan fínnífínní, títí yóò fi dá wọn lójú. Nígbà náà ni a sọ fún wọn kí wọ́n wa amọ̀ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan àfonífojì náà, wọ́n sì kó o kún inú agbọ̀n tí wọ́n gbé lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé ìwé, wọ́n jókòó ti tábìlì gígùn, a pín iṣẹ́ fún olúkúlùkù, wọ́n sì fi amọ̀ náà mọ àfonífojì tí wọ́n rí. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e wọ́n tún jáde, wọ́n gun ibi tí ó ga ju ti àná lọ, wọ́n rí ilẹ̀ sí i, wọ́n sì padà wá fi kún ohun tí wọ́n ti mọ. Báyìí ni wọ́n ṣe, títí iṣẹ́ amọ̀ náà fi parí. Ìgbà náà gan-an ni a tó gbé máàpù wá síwájú wọn, kò sì ṣòro fún wọn láti kà á, nítorí pé ọwọ́ wọn ti kà á ṣáájú ojú.

A bi ara wa léèrè bí àwa ti ń ṣe é. A ti rí kíláàsì kan tí a ti fi ẹfun ya odò sí ojú pátákó, tí àwọn ọmọ ń pe orísun, ẹ̀ka àti ẹnu odò ní ohùn rara, nígbà tí odò gidi ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé. Ọ̀kan nínú wa ni olùkọ́ náà.

Carl Ritter, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Jámánì, wá sí Yverdon ní ọdún 1807. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé Pestalozzi kò mọ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ tó ọmọ ilé ìwé kékeré, síbẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni òun ti rí ohun tí òun kọ́ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ náà. Froebel pẹ̀lú gbé ibẹ̀ láti ọdún 1808 sí 1810, kí ó tó di pé ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Charles Mayo wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó sì di ọdún 1830, Elizabeth, arábìnrin rẹ̀, tẹ ìwé ẹ̀kọ́ nípa ohun àfojúrí jáde. Dígí ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ láti kà á lórí pé dígí a máa dán, dígí a máa tètè fọ́, láì gbé dígí lé ọmọ lọ́wọ́. Báyìí ni a ti lè fi oògùn ṣe àìsàn.

Vulliemin kò fi bí ọkùnrin náà ti rí pa mọ́. Ó ní kò lẹ́wà rárá, irun rẹ̀ rí wúruwùru, àpá ṣọ̀pọ̀nná wà lójú rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ a sì máa wọ́ sórí bàtà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn gbogbo wọn. Ọmọ tirẹ̀ ṣe aláìsàn fún ìgbà pípẹ́, ó sì kú ní ọdún 1801. Anna kú ní oṣù kejìlá ọdún 1815. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ìjà àwọn olùkọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ le sí i, bàbá arúgbó náà kò sì lè parí rẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń pa ọgọ́rùn-ún ọmọ mọ́ra kò lè mú àgbà méjì jókòó ti ara wọn. Ní ọdún 1825 Yverdon tú ká, ó sì padà sí Neuhof.

Ó kú ní Brugg ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1827, ní ẹni ọdún 81, a sì sin ín sí Birr, ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé abúlé náà. Nígbà tí ó di ọdún 1846, tí ó pé 100 ọdún tí a ti bí i, àwọn ará Aargau kọ́ ilé ìwé titun sí ibẹ̀, wọ́n sì ṣe ìrántí rẹ̀ sí ara ògiri rẹ̀.