Tukaram àti Odò Indrayani

Ta ni nínú wa níbí ní Òkè Ọya tí kò tíì wo fíìmù Íńdíà rí? Ẹ máa ń rí ìyá àgbà kan tó ń tan fìtílà síwájú ère kékeré nínú ilé, tó ń mi aago, tó ń fi òdòdó lélẹ̀. Èmi rò pé nítorí fíìmù ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Àṣé bí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù ṣe ń jọ́sìn nílé lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọkùnrin kan tí irú ìjọsìn bẹ́ẹ̀ kó sí wàhálà ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Tukaram lorúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1608 ni wọ́n bí i ní abúlé Dehu, lẹ́bàá odò Indrayani, nítòsí ìlú Pune. Àgbẹ̀ ni wọ́n nílé wọn, wọ́n sì tún ní ṣọ́ọ̀bù. Vithoba ni òrìṣà ìdílé wọn. Orí bíríkì ni ère Vithoba máa ń dúró sí, á fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, bíi màmá tó ń retí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò tètè dé. Ewé tulsi ni wọ́n fi ń bọ ọ́, ìbátan efinrin wa sì ni ewé náà.

Láti 1630 sí 1632, ìyàn mú gan-an lágbègbè wọn. Ebi pa ìyàwó Tukaram, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà kú. Ṣọ́ọ̀bù dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ará abúlé jẹ ìdílé wọn lówó, ìwé gbèsè sì wà nílé. Ìtàn sọ pé Tukaram pín ìwé náà sí méjì, ó fún àbúrò rẹ̀ ní ìdajì, ó ju ìdajì tirẹ̀ sínú odò. Kò sin ẹnikẹ́ni lówó mọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń gun òkè Bhandara lọ dá jókòó, tó ń pe orúkọ Vithoba. Jijabai, ìyàwó rẹ̀ kejì, á gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ, á sì máa bínú. Wọ́n máa ń fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé oníjà ni, ṣùgbọ́n èmi ò dá a lẹ́bi. Ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ?

Tukaram wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí wọ́n ń pè ní abhanga. Èdè Marathi tí wọ́n ń sọ lọ́jà àti lóko ló fi kọ ọ́, kì í ṣe Sanskrit tó jẹ́ èdè àwọn àlùfáà. Ẹni tó ń lọ ọkà lè máa kọ ọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n ti dé. Ìdílé tí wọ́n kà sí ẹni ilẹ̀ ni Tukaram ti wá, wọ́n ní irú wọn kò gbọdọ̀ kọ́ èèyàn ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Wọ́n ní kó lọ kó gbogbo ìwé orin rẹ̀ sínú odò Indrayani. Ó sì kó o síbẹ̀.

Ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, òjò rin nóòtù sáyẹ́ǹsì mi, mo sunkún títí wọ́n fi lu aago oúnjẹ alẹ́. Nóòtù kan ṣoṣo o! Wọ́n ní Tukaram jókòó sétí odò fún ọjọ́ 13, kò jẹ, kò mu. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gbà pé ìwé náà léfòó padà, kò sì tutù rárá. Èmi rò pé àwọn èèyàn ti mọ orin náà sórí ni, odò ò sì lè gba ohun tó wà lórí èèyàn. Rameshwar Bhatt, àlùfáà tí wọ́n ní ó pàṣẹ náà, padà di ọmọlẹ́yìn rẹ̀.

Ní nǹkan bí 1650 ni a kò rí Tukaram mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gbà pé ọ̀run ló lọ tààrà. Ní 1685, Narayan ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìrìn kan tí wọn ò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀ dòní. Lọ́dọọdún, ní oṣù Òkúdù tàbí Agẹmọ, wọ́n á gbé bàtà fàdákà tó dúró fún ẹsẹ̀ Tukaram sínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Dehu dé Pandharpur, níbi tí tẹ́ńpìlì Vithoba wà. Ó ju 200 kìlómítà lọ, orin rẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ lọ́nà.