Wendell Scott

Wendell Oliver Scott (ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1921 – ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1990) jẹ́ awakọ̀ eré-ìje ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Grand National, ìpele tí ó ga jù lọ nígbà náà lábẹ́ àjọ NASCAR. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń díje níbẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ará ìlú ń rà, tí a wá tún ṣe fún eré sísá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀

Ìlú Danville ní ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n bí Scott sí. Ó wa takisí nígbà èwe rẹ̀, ó sì sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun ní Yúróòpù nígbà Ogun Àgbáyé Ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó padà dé, ó ṣí ibi tí ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ó tún ń fi ọkọ̀ kó ọtí líle tí wọ́n pọn láìgba àṣẹ ìjọba, iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ọlọ́pàá ń lé káàkiri. Ní ọdún 1952, àwọn tí ń ṣètò ìdíje ní Danville ń wá awakọ̀ adúláwọ̀ kan kí àwọn adúláwọ̀ lè wá wòran. Àwọn ọlọ́pàá yìí kan náà ni wọ́n júwe Scott fún wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀

Nígbà tí Scott kọ́kọ́ gbìyànjú láti wọ ìdíje NASCAR, wọ́n dá a padà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò jáwọ́, ó sì gba ìwé àṣẹ àjọ náà lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1959, ó di akọni ìpínlẹ̀ Virginia ní ìsọ̀rí Sportsman, ó sì wọ Grand National ní ọdún 1961. Kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni mẹkáníìkì ọkọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń ràn án lọ́wọ́ lórí pápá.

Ìdíje Jacksonville

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1963, Scott díje ní Speedway Park ní ìlú Jacksonville, ìpínlẹ̀ Florida. Pápá elérùpẹ̀ ni, ìyípo rẹ̀ kò ju ìdajì máìlì lọ. Lórí pápá kúkurú bẹ́ẹ̀, àwọn ọkọ̀ tí ó yára a máa lé àwọn tí ó ń falẹ̀ bá léraléra, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro fún òǹwòran láti fi ojú lásán mọ ẹni tí ó ṣáájú. Ọwọ́ àwọn tí ń ka ìyípo ni ìdájọ́ wà, ènìyàn ni ó sì ń kà á nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Scott kọjá Richard Petty nígbà tí eré ń lọ sópin, ó sì fi ìyípo méjì ṣáájú ẹni tí ó tẹ̀lé e. Síbẹ̀, wọn kò fi àsíá òpin ìdíje hàn án, Buck Baker ni wọ́n kéde gẹ́gẹ́ bí olúborí. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí àwọn òǹwòran ti túká, àwọn aláṣẹ gbà pé Scott ni ó borí. Wọ́n ní àṣìṣe ni ó ṣẹlẹ̀ nínú kíkà. Scott ní tirẹ̀ gbà pé wọn kò fẹ́ kí adúláwọ̀ gba ẹ̀yẹ lójú gbogbo ènìyàn, níbi tí arẹwà obìnrin aláwọ̀ funfun ti máa ń fi ẹnu ko olúborí lẹ́nu. Wọ́n san owó olúborí fún un, ṣùgbọ́n ife ẹ̀yẹ ti bá Baker lọ.

Ìgbẹ̀yìn àti ogún rẹ̀

Scott parí ọdún 1966 ní ipò kẹfà. Ìjàm̀bá ní Talladega, ìpínlẹ̀ Alabama, ní ọdún 1973 ṣe é léṣe gidigidi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òpin sí eré rẹ̀. Ìdíje 495 ni ó kópa nínú rẹ̀ ní ìpele náà, ó sì wà lára àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú 147. Ti Jacksonville nìkan ni ó ti gba ipò kìíní. Richard Pryor ṣe ipa rẹ̀ nínú fíìmù Greased Lightning ní ọdún 1977. Àìsàn jẹjẹrẹ ni ó pa á.

Ní ọdún 2015, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí Gbọ̀ngàn Òkìkí NASCAR, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ Jacksonville lé ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ ní Daytona. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Bubba Wallace borí ní Talladega, ó sì di adúláwọ̀ kejì tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpele tí ó ga jù lọ.