Padre Antonio, Olùtọ́jú Agbo Ọlọ́run ní Ìlú Èkó

Ẹ̀yin ará wa nínú Kristi, àwọn àgbà a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní ọjọọjọ́ Ìsinmi ni à ń péjọ síwájú pẹpẹ Olúwa, ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ìgàndò, tí àlùfáà sì ń rú Ẹbọ Mímọ́ ti Mísà fún wa. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni kò rántí pé ìgbà kan wà tí àwọn ọmọ Ìjọ ní Èkó kò ní àlùfáà kankan láàárín wọn. Ọkùnrin kan ni Ọlọ́run lò láti pa wọ́n pọ̀ nígbà náà. Antonio ni orúkọ rẹ̀. Padre ni àwọn ènìyàn ń pè é, èyí tí í ṣe àlùfáà ní èdè Potogí. Bẹ́ẹ̀ ni a kò fi í jẹ oyè àlùfáà rí.

Ẹrú ni Antonio tẹ́lẹ̀ rí. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ni ó ti gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹni Ọlọ́run, nínú ilé tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di àlùfáà. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ àdúrà, orin mímọ́ àti ìlànà ìsìn. Kí a má sì ṣe gbàgbé ọ̀nà tí ó gbé àwọn ènìyàn wa dé Bahia. Ogun tí ó jà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìgbà ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé àti lẹ́yìn rẹ̀ sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn di ẹrú. A tà wọ́n ní etí òkun, ní Èkó, ní Àgbádárìgì àti ní Ouidah. Tábà àti ọtí ìrèké tí ọkọ̀ ń kó wá láti Bràsíìlì wà lára ohun tí a fi ń rà wọ́n. Báyìí ni òwò ṣe kọ́kọ́ so Èkó àti Bahia pọ̀: ènìyàn ni ọjà tí à ń nà.

Síbẹ̀, àwọn tí a tà náà kò jókòó lásán. Ní Bahia, àwọn aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ Rósárì Mímọ́ ti ara wọn sílẹ̀ láti ọdún 1685. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń dáwó, tí wọ́n ń sìnkú ara wọn, tí wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti ra òmìnira. Ẹlòmíràn a máa kó owó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó lè ra ìwé òmìnira rẹ̀. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí kan láàárín àwọn ẹrú àti àwọn tí a ti dá sílẹ̀ dìde ogun ní Bahia ní ọdún 1835, ìjọba di ìkà sí gbogbo àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba òmìnira. Láti ìgbà náà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wọkọ̀ padà sí ilẹ̀ baba wọn. Èkó ni ọ̀pọ̀ gúnlẹ̀ sí, wọ́n sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Àgùdà ni a ń pè wọ́n, láti ara wọn ni Ìjọ wa sì ti gba orúkọ tí àwọn Yorùbá fi ń pè é títí di òní.

Antonio wà lára àwọn tí ó padà bọ̀. Ó bá àwọn ará rẹ̀ bí àgùntàn tí kò ní olùṣọ́. Ó kọ́ ilé àdúrà kékeré kan tí a fi ọparun ṣe, ó sì ń kó wọn jọ síbẹ̀. Ó ń rì àwọn ọmọ wọn bọmi, ó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ó ń dúró tì wọ́n nígbà ìgbéyàwó, ó sì ń gbàdúrà létí ibojì òkú wọn. Rírú Ẹbọ Mísà àti gbígbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ ẹni tí a kò fi joyè.

Kò ṣòro rárá fún ìjọ kékeré yìí láti fọ́nká. Láti ọdún 1852 ni àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run ti C.M.S. ti fìdí múlẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ wọn, òrìṣà àwọn baba wọn sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan tún wà tí ó ju ìwọ̀nyí lọ. Ọmọ Ìjọ ni àwọn ọ̀gá tí ó ra ẹrú ní Bràsíìlì. Ọwọ́ tí ó mú ẹgba dání ni ó mú Rósárì dání pẹ̀lú. Bí Antonio bá ti wí pé òun kò ní sin Ọlọ́run irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́, ta ni ì bá bá a wí? Ṣùgbọ́n ó mọ ìyàtọ̀ láàárín Olúwa àti àwọn tí ń fi orúkọ Olúwa bo ìwà ibi wọn. Ó ju ẹ̀wọ̀n nù, ó sì di àgbélébùú mú.

Ní ọdún 1863, Fada Francesco Borghero, ọmọ ilẹ̀ Ítálì nínú Ẹgbẹ́ S.M.A., ti Ouidah wá sí Èkó. Ọdún 1861 ni àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ náà dé Ouidah, ọdún méjì lẹ́yìn tí Bíṣọ́ọ̀bù de Marion Brésillac tí ó dá a sílẹ̀ kú ní Freetown. Ó bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ti mọ Kristi tí wọ́n sì ń retí àlùfáà. Nígbà tí Fada Pierre Bouche wá láti máa gbé Èkó ní ọdún 1868, Antonio tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Padre kò bá a du ipò. Ó fi agbo lé àlùfáà lọ́wọ́, ó sì di olùrànlọ́wọ́.

Òwò àárín Èkó àti Bahia náà yí padà ní ìgbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun gba Èkó ní ọdún 1851, epo pupa, obì, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì ni ọkọ̀ ń kó lọ, tí wọ́n sì ń kó tábà àti ẹran oníyọ̀ bọ̀. Kí a sọ òtítọ́: àwọn kan wà nínú àwọn Àgùdà etí òkun wa tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ta ènìyàn, ọdún 1888 ni Bràsíìlì sì tó fi òpin sí oko ẹrú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yan iṣẹ́ òtítọ́ ni iṣẹ́ wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀lé Àgùdà, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgbélébùú Mímọ́ ti àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1880. Àgùdà ẹlẹgbẹ́ wọn, João Baptista da Costa, ni ó sì kọ́ mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Títí di òní, àwọn obìnrin Bahia ń dín àkàrà tà lójú pópó, àwa náà sì ń fi omi àgbọn se ẹ̀wà frejon ní Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí a bá gbé àwo frejon síwájú wa, ẹ jẹ́ kí a rántí Antonio. Àlùfáà kan kò lè dé gbogbo ojúlé ní Alímọ̀ṣọ́. Ta ni yóò kó àwọn ọmọ jọ fún àdúrà alẹ́ nígbà tí baba wọn kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé? Ta ni yóò lọ wo aláìsàn tí ó wà nínú yàrá kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn ọjà? Ta ni yóò sọ fún oníṣòwò pé fífi ènìyàn ṣe ọjà kò tíì tán láyé, níwọ̀n bí a ṣì ń fi ẹ̀tàn kó àwọn ọmọbìnrin wa lọ sí òkè òkun? Antonio kò dúró de oyè kí ó tó ṣiṣẹ́, nígbà tí olóyè sì dé, kò bínú.

Kí Olúwa fún un ní ìsinmi àìnípẹ̀kun, kí ó sì fún àwa náà ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Àmín.