Alfred Wegener, Ọkùnrin Orí Yìnyín

Bí a bá dárúkọ Alfred Wegener fún akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì, ohun tí yóò kọ́kọ́ rántí ni pé òun ni ó kéde ní ọdún 1912 pé ilẹ̀ Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti so pọ̀ rí kí wọ́n tó pínyà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe kọ́ nípa rẹ̀, tí a ń fi ìka tọ etíkun Brasil lójú àwòrán ayé tí ó wà lára ògiri kíláàsì. Wọn kò sọ fún wa pé ìmọ̀ ojú ọjọ́ àti ti yìnyín ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, àti pé orí yìnyín ni ó kú sí.

Ìlú Berlin ni a bí i sí, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1880. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni bàbá rẹ̀. Ní 1924, òun àti Köppen, bàbá ìyàwó rẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ojú ọjọ́ ayé ti ṣe yí padà láti ìgbà láéláé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó lọ sí Grínlándì, erékùṣù ńlá tí yìnyín bò. Ní ìrìn àjò ìkẹyìn, ikọ̀ rẹ̀ ń yin ohun abúgbàù lórí yìnyín, wọ́n sì ń wo bí ìró rẹ̀ ṣe pẹ́ tó kí ó tó kan àpáta ìsàlẹ̀ kí ó sì padà. Báyìí ni wọ́n fi mọ̀ pé yìnyín àárín erékùṣù náà nípọn ju 2,500 mítà lọ.

Méjì nínú ikọ̀ náà wà ní ibùdó Eismitte, nǹkan bí 400 kìlómítà sí etíkun, oúnjẹ wọn kò sì tó fún ọ̀gìnnìtìn. Ní oṣù kẹsàn-án 1930, Wegener fúnra rẹ̀ kó ẹrù lọ fún wọn, ajá ni ó ń fà á. Òtútù le débi pé àwọn ọmọ Grínlándì tí ó bá a lọ ń padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo nínú wọn ni kò padà: Rasmus Villumsen. Ẹ jẹ́ kí a dá orúkọ rẹ̀ dúró níhìn-ín, nítorí a sábà máa ń fò ó.

Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹwàá, àwọn méjèèjì àti Fritz Loewe gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ẹrù náà ti di àfisílẹ̀ lójú ọ̀nà. Òtútù ti pa ọmọ ìka ẹsẹ̀ Loewe. Oúnjẹ tí ó wà kò lè tó ènìyàn márùn-ún. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré, ní ọjọ́ tí Wegener pé àádọ́ta ọdún, òun àti Rasmus tún kọrí sí etíkun.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún 1931 ni a rí òkú Wegener. Rasmus ti rán an sínú aṣọ ìsùn, ó tẹ́ ẹ sínú yìnyín, ó sì ri igi ìrìn orí yìnyín rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ bí àmì. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà lọ ní òun nìkan. A kò rí ìwé náà títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí Rasmus.